Ìgò Tí Ẹ Fọ̀ fún Adéṣọlá

Bàbá Ìní,

Mo ti lọ ṣí ṣọ́ọ̀bù. Mi ò jí yín. Mọ́ínmọ́ín yín wà lórí sítóòfù, inú náílọ́ọ̀nù ni mo sè é sí. Ẹ jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀.

Bí mo ṣe ń da ìdọ̀tí nù láàárọ̀ yìí, ewé mọ́ínmọ́ín ni mo rí níbẹ̀. Èmi kọ́ ni mo sè é. Adéṣọlá ni, obìnrin ayálégbé tuntun tó ń gbin ẹ̀fọ́ sínú ike lókè. Abájọ tí ẹ fi ń wàásù fún mi lánàá pé náílọ́ọ̀nù gbígbóná ń ba ara jẹ́, pé ààtàn Ìgàndò ló máa ń gbẹ̀yìn sí. Ṣebí ewé ni mo fi ń sè é nígbà tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ mi? Ẹ ní ó ń pẹ́ jù, ẹ ní oúnjẹ ará oko ni. Ẹ̀yin lẹ ra náílọ́ọ̀nù wọlé!

Mo tún rí wáìnì sóbò tí Adéṣọlá ń fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe, lẹ́yìn àpò ìrẹsì. Ìgò kan kún. Èkejì ṣófo, ẹ sì ti fọ̀ ọ́ mọ́ tónítóní, kó lè tún bù sí i fún yín. Ẹ̀yin tí ẹ ò fọ ife rí nínú ilé yìí!

Mo ti mu èyí tó kún. Ó dùn, ìyẹn ló tiẹ̀ bí mi nínú jù.

Ẹ̀wà lílọ̀ tó ṣẹ́kù wà nínú fíríìjì. Ẹ ra ewé bọ̀ láti ibi iṣẹ́, ẹ̀yin lẹ máa pọ́n ọn lálẹ́ òní. Èmi máa wà lókè, mo fẹ́ lọ dá ìgò padà.

Ìyá Ìní