Orí Mi Kò Dàrú, Mo Kàn Ń Rìn Ni

Yèyé mi,

Ẹ kú ilé o. Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ kú ìtọ́jú Títí ọmọ mi, ẹ kú òjò tó ń pa ilẹ̀. Mo wà lórí ìkúnlẹ̀ fún àbúrò Bàbá tó jókòó nípò Bàbá. Mo kí Dàpọ̀ àbúrò mi àti ìyàwó rẹ̀. Mo kí àgbà ìjọ tó máa ń bá wa ka lẹ́tà, tí ohùn wọn máa ń ròkè bí ìgbà tí wọ́n ń ka ẹ̀kọ́ kejì nínú ìsìn, tí ará ìsàlẹ̀ àdúgbò fi máa ń mọ ohun tí mo kọ kí ẹ̀yin tí mo kọ ọ́ sí tó mọ̀ ọ́n. Àgbà ìjọ, ẹ kú iṣẹ́. Lẹ́tà yìí nìkan ni ẹ ò ní kọ́kọ́ já.

Ẹ má bínú pé inú ìwé ìròyìn lẹ ti bá a pàdé. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ nípa mi ti dé ọjà Ìpetu, ó ti dé ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n ní ó dé etí odò pàápàá. Bí mo bá fi èsì sínú àpò ìwé, ẹ̀yin nìkan lẹ máa gbọ́, àwọn yòókù á sì máa bá tiwọn lọ. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n ti sọ ní gbangba, gbangba ni mo fẹ́ ti fèsì sí i.

Ìyá Ṣọlá, ọmọ ìlú wa tó ń ta aṣọ ní Ìyànà Ìpájà, ló jíṣẹ́ yín fún mi. Ó ní ẹ gbọ́ pé orí mi ti ń dàrú láti ìgbà tí bàbá Títí ti kú, pé ní ìrọ̀lẹ́, màá gbé kẹ́ẹ̀gì òfìfo dání, màá máa rìn kiri gbogbo Ẹ̀gbẹ́dá. Ó ní ẹ ní Títí kò ní wá bá mi mọ́ láti bẹ̀rẹ̀ sẹ́kọ́ńdìrì bí a ti jọ ṣe é ládèéhùn. Ó ní Dàpọ̀ ń bọ̀ ní ìparí oṣù yìí láti kó ẹrù mi, kí n máa bọ̀ nílé kí wọ́n wá nǹkan ṣe sí ọ̀rọ̀ mi. Bó ṣe ń sọ ọ́, kò wojú mi, ó ń tún aṣọ tó ti ká tẹ́lẹ̀ ká. Ó wá ra mínírà tútù fún mi, ó sì dúró tì mí títí mo fi mu ún tán, bí ẹni tó ń ṣọ́ ọmọdé tó ń lo oògùn.

Yèyé, kẹ́ẹ̀gì òfìfo yẹn, òótọ́ ni. Ìrìn náà, òótọ́ ni. Ti orí tó dàrú nìkan ni irọ́ ibẹ̀, ẹ jẹ́ kí n sì ro gbogbo rẹ̀ fún yín.

Ẹ mọ̀ pé tàìpù ni mò ń tẹ̀ ní ọ́fíìsì kan ní Ìkẹjà. Àwa mọ́kànlá la wà nínú yàrá kan náà, ẹ̀rọ mọ́kànlá á sì máa dún láti àárọ̀ títí di aago mẹ́rin. Tí mo bá jáde níbẹ̀, ó ṣì máa ń dún nínú orí mi títí màá fi délé. Ilé náà ńkọ́? Yàrá mẹ́wàá ló dojú kọra, rédíò sì wà nínú mẹ́fà nínú wọn, kálukú pẹ̀lú ohun tó ń gbọ́. Ẹni tó bá fẹ́ pe ọmọ rẹ̀ á pe ti gbogbo ilé mọ́ ọn. Èèyàn dáadáa ni wọ́n, mi ò purọ́ mọ́ wọn. Ó kàn rẹ̀ mí ni. Ó rẹ̀ mí, Yèyé, kì í sì í ṣe irú àárẹ̀ tí oorun ń wò.

Ojú títì nìkan ni mo ti máa ń rí ara mi. Ariwo wà níbẹ̀ náà, ṣùgbọ́n kò sí èyí tó ń bá mi wí.

Nígbà tí bàbá Títí wà láyé, àwa méjèèjì máa ń rìn lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́ dé ẹnu ọ̀nà Gowon Estate, a ó sì padà. Kò sẹ́ni tó bi wá léèrè rí. Wọ́n á ní ẹ kú afẹ́ o, a ó ní a dúpẹ́, ó parí. Nígbà míì a ò ní sọ ọ̀rọ̀ mẹ́ta títí a ó fi padà dé. Nígbà tí mo ṣe opó tán, tí mo kọ́kọ́ dá jáde, mi ò tíì kọjá ilé mẹ́fà tí ẹni mẹ́rin ti bi mí pé ṣé kò sí o. Ìyá onílé ní níbo ni mo dorí kọ nírú àkókò yìí. Ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kan rọra dúró ní ẹ̀gbẹ́ mi, ọkùnrin inú rẹ̀ ní ṣé kí òun gbé mi. Ojú tì mí bí ẹni tó jí nǹkan. Ọwọ́ mi ló wá dá mi lágara jù. Mi ò mọ ibi tí mo lè fi wọ́n sí, àfi bí ẹni pé ọjọ́ yẹn ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ so wọ́n mọ́ mi lára.

Mo sọ fún ìyá onílé pé búrẹ́dì ni mo fẹ́ lọ rà. Bí mo ṣe di oníbúrẹ́dì nìyẹn. Lójoojúmọ́ ni mò ń ra búrẹ́dì tí mi ò jẹ, títí tó fi ń bu sórí tábìlì nínú yàrá mi.

Ìran òṣómàáló tó ń kiri aṣọ ni wá. Ẹsẹ̀ ni bàbá bàbá mi fi rin ilẹ̀ tí ọkọ̀ kò dé, ṣùgbọ́n aṣọ wà lórí rẹ̀, ó sì mọ ẹni tó ń lọ bá. Kò sí ẹni tó rìn lásán nínú wọn. Lọ́dọ̀ wa, ibi tí èèyàn ń lọ ló ń sọ, kì í sọ pé òun ń rìn. Aláṣọ funfun nìkan ni mo rí tí wọn kì í bi léèrè ní Ẹ̀gbẹ́dá. Ìyá Dúpẹ́ tó wà ní yàrá kejì sí tèmi, ìjọ Aládùúrà ló ń lọ. Tó bá ti wọ sùtánà, tó rin ẹsẹ̀ lásán bọ́ sí títì, wọ́n á yà fún un lọ́nà ni. Mo ní mo jowú rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí n máa sọ fún wọn pé aríran ló ní kí n máa rìn fún ọjọ́ mọ́kànlélógún. Mo ní ọmọ Áńgílíkà ni mí, aríran wo ni màá ní ó sọ ọ́?

Ìgbà yẹn ni kẹrosíìnì wọ́n. Gbogbo èèyàn ló ń gbé kẹ́ẹ̀gì kiri, mo sì ṣàkíyèsí pé ẹni tó bá gbé kẹ́ẹ̀gì dání, wọn kì í bi í níbi tó ń lọ. Wọ́n á kàn mi orí sí i, wọ́n á ní Ọlọ́run á ṣe é. Mo bá gbé tèmi. Kí n má purọ́ fún yín, ara tù mí. Ọwọ́ mi ríṣẹ́ ṣe, ojú mi sì wálẹ̀. Oṣù méjì gbáko ni mo fi rìn bẹ́ẹ̀, nígbà míì dé Gowon Estate, nígbà míì ní apá Ìṣẹ̀rí-Olófin, kò sì sẹ́ni tó yọ mí lẹ́nu.

Ohun tí mi ò rò ni pé wọ́n ń wò mí. Wọ́n rí i pé ní aago kan náà lójoojúmọ́ ni mò ń jáde, pé mi ò bá wọn tò rí, pé mi ò sì ráhùn kẹrosíìnì bíi tiwọn. Ẹni tó ń dá jẹun lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́, mélòó ni sítóòfù rẹ̀ máa mu? Ṣùgbọ́n wọ́n ti pinnu pé mo mọ ibì kan tí wọ́n ti ń tà á ní ìkọ̀kọ̀.

Lọ́jọ́ Ọjọ́rú kan, òjò ṣú, mo bá ń yára rìn lọ sí apá Ìṣẹ̀rí. Mo gbọ́ ìró sílípáàsì lẹ́yìn mi. Mo wẹ̀yìn, mo rí Ìyá Dúpẹ́ tó ká sùtánà sókè, kẹ́ẹ̀gì méjì lọ́wọ́. Ìyá onílé wà lẹ́yìn rẹ̀. Àwọn míì tò tẹ̀lé wọn, gbogbo wọn jẹ́ mẹ́sàn-án, kálukú pẹ̀lú kẹ́ẹ̀gì, tí wọ́n ń yọ́ rìn kí n má bàa fura. Ibẹ̀ ló yẹ kí n ti dúró, kí n jẹ́wọ́. Ojú ò jẹ́. Mo yára, wọ́n yára. Mo dẹsẹ̀, wọ́n dẹsẹ̀. Mo wá ń bẹ Ọlọ́run lójú ọ̀nà pé kó jọ̀ọ́ kó fi oníkẹrosíìnì kan síbì kan fún mi. Mo fi ìtìjú kó odidi abiyamọ mẹ́sàn-án dé Ìṣẹ̀rí. Mo wọ ṣọ́ọ̀bù méjì, mo béèrè, wọn ò ní. Kò sí ibòmíì tí mo lè yà sí mọ́, mo bá yíjú padà.

Ìyá Dúpẹ́ ní, “Mojí, níbo ló wà?”

Mo ní kò sí níbì kankan. Ó ní kí ni mo wá ń wá níbí lójoojúmọ́? Irọ́ wá sí mi lẹ́nu, mo wò ó, ó rẹ̀ mí láti pa á. Mo ní, “Mo kàn ń rìn ni.”

Yèyé, ìbá ṣe pé wọ́n bú mi, ǹ bá fara mọ́ ọn. Wọn ò bú mi. Wọ́n wo ẹsẹ̀ mi, wọ́n wo kẹ́ẹ̀gì, wọ́n wojú ara wọn. Ìyá onílé fi ẹ̀yìn ọwọ́ kàn mí níwájú orí bóyá ara mi gbóná. Ìyá Dúpẹ́ gba kẹ́ẹ̀gì lọ́wọ́ mi, wọ́n fi mí sí àárín, wọ́n sì ń rọra mú mi bọ̀ nílé bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dá sílẹ̀ ní ọsibítù. Òjò pa wá dé Ẹ̀gbẹ́dá.

Láti ọjọ́ yẹn ni wọ́n ti ń gbé oúnjẹ wá fún mi, tí wọ́n ń lé àwọn ọmọ kúrò lẹ́nu ilẹ̀kùn mi. Ìgbà yẹn gan-an ni ilé náà wá dákẹ́. Ọ̀kan nínú àwọn mẹ́sàn-án yẹn ló ń ra aṣọ lọ́wọ́ Ìyá Ṣọlá, bí ọ̀rọ̀ ṣe dé ọ̀dọ̀ yín nìyẹn. Mi ò bínú sí ẹnikẹ́ni. Mo dáwọ́ ìrìn dúró fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, mo jókòó sínú yàrá, mò ń wo ògiri. Nínú ọ̀sẹ̀ mẹ́ta yẹn nìkan ni èmi fúnra mi bẹ̀rù fún orí mi.

Ohun kan wà tí mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni rí. Tí àgbà ìjọ bá dé ibí yìí, kí wọ́n jọ̀ọ́ kí wọ́n rọra kà á.

Lọ́dún tí Bàbá kú, mo tó Títí báyìí. Gbogbo ọjọ́ Àìkú, tí a bá ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, ẹ máa ń mú agbọ̀n lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ẹ ó ní ẹ ń lọ ká nǹkan wá lóko. Bẹ́ẹ̀ a kì í lọ sóko lọ́jọ́ Àìkú. Mo tẹ̀lé yín lẹ́ẹ̀kan, mo jìnnà sí yín. Ẹ rìn dé ìdí obì tó wà ní ààlà, ẹ dúró díẹ̀, ẹ kọjá dé ìpẹ̀kun oko, ẹ sì padà. Ẹ ò ká nǹkan kan. Nígbà tó kù díẹ̀ kí ẹ wọ̀lú, ẹ yà sínú igbó, ẹ já ewé eéran, ẹ fi bo ẹnu agbọ̀n kí ẹnikẹ́ni má bàa rí i pé òfìfo ni. Ọjọ́ yẹn ló tó yé mi ìdí tí ewé eéran fi ń gbẹ jọ lẹ́yìn ilé wa, tí a kì í sì í ṣe ẹlẹ́kọ.

Ẹ forí jì mí pé mo sọ ọ́. Bí wọ́n bá gbọ́, kí wọ́n gbọ́. Ẹ rìn bẹ́ẹ̀ fún bí ọdún kan, ẹ sì ń bọ́ wa, ẹ ń wẹ̀ wá, ẹ ń rán wa lọ sílé ìwé. Kò sẹ́ni tó rán ẹnikẹ́ni wá mú yín. Kò sẹ́ni tó ní kí wọ́n gba ọmọ lọ́wọ́ yín.

Lánàá, mo jáde láìgbé nǹkan kan dání. Ìyá onílé bi mí níbi tí mò ń lọ. Mo ní mò ń rìn ni, mà, mò ń bọ̀. Ojú ṣì ń tì mí, ọwọ́ mi ṣì ń yọ mí lẹ́nu, mo sì dé Gowon Estate, mo padà. Ó rẹ̀ mí, mo sùn.

Kí Dàpọ̀ máa bọ̀ o, ṣùgbọ́n kó má dá wá. Kó mú Títí dání. Mo ti rí ilé ìwé, ibùsùn rẹ̀ sì ti wà nílẹ̀. Ẹ ó pẹ́ fún wa, Yèyé, ojú yín ò ní fọ́, ẹsẹ̀ yín ò ní rọ, ẹ ó jẹun ọmọ-ọmọ. Ẹ bá mi kí gbogbo ilé, àti ará etí odò náà, ẹ ní mo gbọ́ tiwọn.

Agbọ̀n yẹn, bó bá ṣì wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ẹ fi lé Títí lọ́wọ́ fún mi. Ẹ má fi ewé bò ó.

Ọmọ yín,
Mojísọ́lá,
Ẹ̀gbẹ́dá.