Bí A Ṣe Ná Kípà Ní Ìbàfò

Mọ́ńdè, 4 Ọ́gọ́ọ̀sì
Kámpù bọ́ọ̀lù ti bẹ̀rẹ̀ ní pápá ẹ̀yìn yáàdì búlọ́ọ̀kù wa. Ọ̀gbẹ́ni Lásúnkànmí, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, ló ń ṣe é ní gbogbo ìsinmi, ṣùgbọ́n ti ọdún yìí yàtọ̀. Àwọn kóòṣì láti yunifásítì ń bọ̀ wá wo àwọn ọmọ. Ìbàfò níbí ni wọn yóò kọ́kọ́ yà, lẹ́yìn náà Mowe, kí wọ́n tó parí ẹ̀ ní Ifọ̀. Ẹni tí wọ́n bá mú, ilé-ìwé yóò san owó ẹ̀ fún ọdún mẹ́rin, òun náà yóò máa gbá bọ́ọ̀lù fún wọn.

Salmah mi wà níbẹ̀. Kípà ni. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún, ó ti ṣe wáẹ̀kì, ó gba igba ó dín mẹ́rin nínú jáǹbù. Máàkì tó wọlé. Owó tó máa gbé e wọlé ni kò sí. Mo ti rò ó síwá sẹ́yìn: bí mo bá ta búlọ́ọ̀kù láti òní di Iléyá tó ń bọ̀, tí ẹnì kankan kò sì jẹun nínú ilé yìí, kò tó ọdún kan.

Ẹgbẹ̀rún márùn-ún ni owó kámpù. Mo san án. Mo ní kí wọ́n fi omi ìgò kan lé e. Wọ́n fi lé e.

Túsìdeè, 5
Òjò. Ẹ̀rọ búlọ́ọ̀kù kò ṣiṣẹ́. Wọ́n gbá bọ́ọ̀lù nínú ẹrẹ̀ síbẹ̀. Salmah wálé bí ẹni tí wọ́n pò mọ́ sìmẹ́ǹtì.

Wẹ́sìdeè, 6
Kóòṣì ti dé. Ọ̀kan péré, kì í ṣe mẹ́ta tí Lásúnkànmí ń pariwo. Gbémiga lorúkọ ẹ̀, ṣùgbọ́n Fèrè ni mo sọ ọ́, torí fèrè kò kúrò lọ́rùn ẹ̀, àní nígbà tó ń jẹun. Kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún. Ó mọ́ tónítóní, ó sì mọ ènìyàn kí — ó dọ̀bálẹ̀ fún mi nínú eruku sìmẹ́ǹtì. Ilé-ìwé wọn wà lọ́nà Ìjẹ̀bú.

Mo dúró lẹ́bàá ọgbà, mo ń wò wọ́n. Ó ní kí àwọn kípà ti ọwọ́ bọ omi kí wọ́n tó mú bọ́ọ̀lù, kó lè máa yọ̀. Àwọn tó kù ń jù ú sílẹ̀. Salmah mú mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá. Ẹni tó ti ń gba búlọ́ọ̀kù lọ́wọ́ àwọn tó ń kó o sí mọ́tò láti ọmọ ọdún méjìlá, kí ni bọ́ọ̀lù fẹ́ fi ṣe é?

Nígbà tó yá, Fèrè wá bá mi ní yáàdì. Ó ní kí n jọ̀wọ́ dìde. Mo dìde. Ó wò mí láti orí dé ẹsẹ̀, ó kọ nǹkan sí fóònù. Wọ́n ní ara òbí ni wọ́n fi ń mọ ibi tí ọmọ yóò ga dé. Mo ní bó bá jẹ́ gíga ló ń wá, kó lọ wo bàbá ẹ̀, ẹrù ló tẹ èmi mọ́lẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín títí.

Mo ti mọ ojú ẹni tó fẹ́ ọjà.

Tọ́sìdeè, 7
Rédíò ní Fèrè ti béèrè ilé wa. Jọkẹ́ tó ń ta ọ̀dà lódìkejì títì ni Rédíò, ìròyìn kì í kọjá lára ẹ̀ kó tó dé ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn. Ó ní òun ti fi Salmah sínú àdúrà níjọ àwọn. Mo ní ó ṣé.

Jímọ̀, 8
Fèrè wá lẹ́yìn ìrun. Tìpà kò sí nílé — Mùsáfírù, bàbá Salmah, orúkọ mọ́tò tó ń wà ni mo fi ń pè é — ó ti lọ kó yanrìn. Èmi nìkan ló bá. Salmah wà nínú ilé, mo mọ̀ pé etí ẹ̀ wà lójú fèrèsé.

Fèrè ṣí ìwé. Owó ilé-ìwé, wọn yóò san án lódindi, ọdún mẹ́rin. Bàtà àti aṣọ, tiwọn. Hóstẹ́ẹ̀lì, ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọ̀ọ́dúnrún náírà lọ́dún: ti ìdílé. Oúnjẹ: ti ìdílé.

Kí n sọ òótọ́ síbí: mo ti fẹ́ gbà á lójú ẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ló ń gba iye àkọ́kọ́? Ọdún mọ́kànlélógún ni mo ti ń ta búlọ́ọ̀kù, n kò gba iye àkọ́kọ́ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni rí, ẹnikẹ́ni kò sì gba tèmi. Mo fajú ro. Mo ní rárá o. Mo ní bí wọn kò bá lè gbé ọmọ mi tinú-tẹ̀yìn, kí wọ́n fi í sílẹ̀, iṣẹ́ wà fún un ní yáàdì. Mo ní àwọn mìíràn ti ń béèrè ẹ̀. Kò sí ẹnì kankan tó ń béèrè ẹ̀.

Ibẹ̀ ló yẹ kó ti sọ pé, "Ẹ̀yin náà ẹ wò ó, Mọ́mì, kí ni ká wá ṣe?" Kí èmi sọ̀rọ̀, kí òun sọ̀rọ̀, ká pàdé láàárín. Kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ní, "Ẹ ṣé, Mọ́mì. Mo gbọ́ yín. Àwa náà kì í fipá mú òbí." Ó pa ìwé dé, ó dọ̀bálẹ̀, ó ń lọ.

Ó dára. Bí oníbàárà bá ń lọ, a kì í tètè pè é. Tí o bá pè é ní kíá, ó mọ̀ pé ọjà ń sú ọ. Mo máa ń jẹ́ kí wọ́n dé ibi òkìtì yanrìn. Fèrè dé ibi òkìtì yanrìn. Mo ní lọ́kàn mi pé kó tún rìn díẹ̀, kó dé géètì. Ó dé géètì, mo la ẹnu — ọ̀kadà tó gbé e wá ń dúró dè é, kò tilẹ̀ pa íńjìnnì. Ó ti gùn ún. Èéfín ni mo ń pè.

Salmah jáde. Kò sunkún. Ó wò mí, ó lọ bu omi.

Sátidé, 9
Ẹni tó fẹ́ ọjà yóò padà. Mo wọ bùbá tó dáa, mo jókòó sí yáàdì láti àárọ̀. Kò wá.

Sọ́ńdè, 10
Kò wá. Bóyá ó lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì.

Mọ́ńdè, 11
Lásúnkànmí wá bá mi, ó ní kí ló dé tí mo lé ènìyàn lọ. Fèrè ti wà ní kámpù Mowe, ó ti sọ fún un pé ìyá ọmọ kò fẹ́. Mo ní ta ló ní n kò fẹ́? Ó ní, "Ìyá Salmah, ẹ ní rárá." Mo ní kì í ṣe irú rárá yẹn. Ó wò mí bí ẹni tó fẹ́ dá mi padà sí púráímárì wáànù. Ó ní Kàdúná ni wọ́n bí Fèrè sí, sọ́jà ni bàbá ẹ̀, inú bárékè ló dàgbà sí. Ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń lẹ iye mọ́ ọjà ni wọ́n ti ń rajà. Bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ni. Rárá, rárá.

Kí ló dé tí bàbá yìí kò sọ èyí fún mi ní Wẹ́sìdeè?

Mo ro ẹjọ́ fún Tìpà. Ó rẹ́rìn-ín títí òkèlè fi bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀. Ó ní mo pe ọmọ òun níye títí oníbàárà fi sá. Lẹ́yìn náà ó ní, "Ṣé yóò padà ṣá?"

Salmah ń jẹun dáadáa. Ó yà mí lẹ́nu. Èmi tí mo fọ́ ọ, n kò lè gbé nǹkan mì.

Túsìdeè, 12
Rédíò ní wọ́n ti rí kípà mìíràn ní Mowe. Mo ní kó lọ ta ọ̀dà ẹ̀.

Tọ́sìdeè, 14
Mo lọ sí Mowe. Mo sọ nílé pé mo fẹ́ lọ béèrè iye sìmẹ́ǹtì. Fèrè ti kúrò níbẹ̀ láàárọ̀, ó ti kọjá sí Ifọ̀. Mo dúró wo bọ́ọ̀lù ná, mo ti san owó ọkọ̀.

Ọmọ́títí lorúkọ kípà tí wọ́n ń sọ. Ó ga bí òpó iná. Ó ń fò. Wákàtí kan gbáko ni mo fi ń wá àbùkù sí i lára. Ohun kan ṣoṣo tí mo rí ni pé kò lè fi ẹsẹ̀ òsì gbá bọ́ọ̀lù, kí ni ẹsẹ̀ òsì kan kípà?

Ìyá ẹ̀ jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó bu ẹ̀pà fún mi. Obìnrin dáadáa. Èyí tún burú sí i.

Jímọ̀, 15
Mo ní kí Salmah fún mi ní nọ́ńbà Fèrè. Ó ní, "Màámi, ẹ fi sílẹ̀ ná." Mo ní ṣé kò fẹ́ ilé-ìwé mọ́ ni? Ó ní, "Ẹ ṣáà fi sílẹ̀ di Mọ́ńdè." Ó ń ro sìmẹ́ǹtì, ó ń kọrin lábẹ́nu.

Bóyá ó ti gba kádàrá. Bẹ́ẹ̀ kípà tó bá gba kádàrá ni wọ́n ń gbá bọ́ọ̀lù wọlé fún. Mà á lọ sí Ifọ̀.

Sátidé, 16
Tìpà fi mọ́tò gbé mi lọ. Ó ní òun kò ní jẹ́ kí n tún dá ọjà kankan ná mọ́. A gba Òkè-Àró já sí Àgbàdo. Reluwé dá wa dúró níbẹ̀, gbogbo bó ṣe ń kọjá ni Tìpà ń fi ohùn Fèrè ṣe yẹ̀yẹ́: "Mo gbọ́ yín, Mọ́mì. Mo gbọ́ yín." Mo ní kó máa wo iwájú.

Mo ti pinnu pé bó bá gba kí n kúnlẹ̀ fún ọmọ tí mo lè bí, mà á kúnlẹ̀. Òun ló kọ́kọ́ dọ̀bálẹ̀. Mo ní, "Kóòṣì, iye tí ẹ pè níjọ́sí, mo gbà á."

Ó wojú mi, ó wojú Tìpà. Ó ní, "Iye wo, Mọ́mì? Ṣé Salmah kò tíì bá yín sọ̀rọ̀ ni?"

Salmah ti pè é lọ́jọ́ Jímọ̀ tí mo ní rárá yẹn gan-an, kó tó kúrò ní Ìbàfò. Ó ní, "Kóòṣì, ẹ má bínú sí màámi. Bí wọ́n ṣe ń bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ nìyẹn. Ẹ bá mi fi hóstẹ́ẹ̀lì kún un, wọ́n á gbà." Fèrè kọ̀wé sí ilé-ìwé. Ilé-ìwé gbà ní Tọ́sìdeè. Fèrè kàn ní kí ọmọ náà má tíì sọ fún ẹnikẹ́ni títí lẹ́tà yóò fi jáde ní Mọ́ńdè. Ọmọ́títí ńkọ́? Òun náà wọlé. Kípà méjì ni wọ́n ń wá láti ìbẹ̀rẹ̀.

Tìpà jókòó sórí koríko, ó fẹ̀yìn lélẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín. Èmi — inú ń bí mi, inú mi ń dùn, n kò mọ èyí tí mà á kọ́kọ́ fún láyè. Ọ̀sẹ̀ kan gbáko lọ́mọ náà fi ń jẹ ẹ̀bà lójú mi.

Mo dúpẹ́. Mo ti yí padà pé kí n máa lọ. Ìgbà náà ni ohun tó yẹ kí n béèrè ní Jímọ̀, dípò kí n dojú kọ hóstẹ́ẹ̀lì, wá sí mi lọ́kàn. Ọwọ́ ọmọ yìí ni wọ́n fẹ́. Bí ọwọ́ bá ṣẹ́ ńkọ́? Mo béèrè: tó bá fara pa lọ́dún kejì, ta ni yóò san ọdún kẹta?

Fèrè ní òun kò ní purọ́ fún mi, lẹ́tà náà sọ pé níwọ̀n ìgbà tó bá ṣì ń gbá bọ́ọ̀lù ni. Tìpà dá ẹ̀rín dúró.

Mo ní ṣé yóò gbà á fún àbúrò tirẹ̀? Ó ní rárá. Mo ní rárá wo nìyẹn, èyí tó ń parí ọ̀rọ̀ àbí èyí tó ń bẹ̀rẹ̀ ẹ̀? Ó bú sẹ́rìn-ín. Ó ní èyí tó ń bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ ni.

Ó ní òun kò láṣẹ. Mo ní kó pe ẹni tó láṣẹ. Ó ní Sátidé la wà. Mo ní èmi náà, Sátidé ni mo wá sí Ifọ̀. Ó pè é. Obìnrin ni ọ̀gá ẹ̀. A sọ̀rọ̀ bí ogún ìṣẹ́jú lórí owó fóònù Fèrè. Ọ̀gá náà ní wọ́n lè san ọdún kan lẹ́yìn ìfarapa. Mo ní títí yóò fi gba ìwé ẹ̀rí. Ó ní, "Ìyá yìí, ẹ le o." Mo ní ẹ ṣé. Ó mọ ọjà ná, inú mi dùn sí i. A pàdé síbi kan: tó bá jẹ́ pé ẹnu iṣẹ́ wọn ló ti fara pa, wọn yóò san án parí, tí kò bá ṣáà ti gbòdo nínú ẹ̀kọ́. Mo ní kó kọ ọ́ sínú lẹ́tà náà. Ó ní àwọn yóò tún un tẹ̀.

Mo kìlọ̀ fún Tìpà nínú mọ́tò: a kò rí Fèrè o. Iye sìmẹ́ǹtì la lọ béèrè.

Sọ́ńdè, 17
Salmah béèrè báwo ni sìmẹ́ǹtì. Mo ní ó wọ́n. Tìpà ń wúkọ́ sínú abọ́ oúnjẹ, kì í sì í ṣe ikọ́.

Mọ́ńdè, 18
Lẹ́tà kò dé. Ó ń wo fóònù, ó ń wo géètì.

Wẹ́sìdeè, 20
Kò tíì dé. Salmah kò jẹun dáadáa mọ́. Mo mọ̀ pé wọ́n ń tún un tẹ̀ ni, n kò sì lè sọ. Mo fi ẹran kan kún tirẹ̀. Ó dá a padà sínú ìkòkò.

Lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ̀rù ń ba èmi náà. Kí ló dé tí n kò kan dúpẹ́ kí n máa lọ?

Tọ́sìdeè, 21
Kò dé. N kò ta búlọ́ọ̀kù kankan, mi ò tilẹ̀ béèrè ìdí.

Jímọ̀, 22
Ó dé. Lásúnkànmí ló mú un wá sí yáàdì, ojú ìwé méjì. Salmah ń kà á, ó ń sọ ọ́ ní Yorùbá fún wa. Ó ka owó ilé-ìwé. Ó dé orí hóstẹ́ẹ̀lì, ó dúró díẹ̀ kí a lè pariwo. A pariwo. Ti Tìpà pọ̀ jù, ó ju fìlà sókè.

Ó ti fẹ́ ká ìwé náà nígbà tó rí i pé ìlà kan kù nísàlẹ̀. Ó kà á lẹ́ẹ̀kan. Ó tún un kà. Ìfarapa. Títí yóò fi gba ìwé ẹ̀rí.

Ó ní, "Èyí ò sí níbẹ̀ tẹ́lẹ̀."

Mo ní, "Níbo lo ti rí ti tẹ́lẹ̀?"

Ó la ẹnu, ó pa á dé. Ó wò mí. Mo ń yẹ eruku lára aṣọ mi. Ó wo bàbá ẹ̀, bàbá ẹ̀ ń wo ọ̀run. Ó ní, "Màámi. Ẹ lọ sí Ifọ̀." Mo ní, "Ìwọ pè é ní Jímọ̀." Lásúnkànmí ń wo gbogbo wa bí ẹni tí wọ́n jí bàtà ẹ̀ gbé. Tìpà ní kí wọ́n tètè fún òun ní bíròó o, kí ìyá àti ọmọ tó tún bẹ̀rẹ̀ sí í ná an. Salmah ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, èmi náà kò lè mú un mọ́ra mọ́.

Èmi ni mo kọ́kọ́ fọwọ́ sí i, lẹ́yìn náà Tìpà. Nígbà tó kan Salmah, kò sí tábìlì, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kó kọ ọ́ lórí orúnkún, ó na ọwọ́ òsì kó má baà ṣubú. Búlọ́ọ̀kù tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ, tí kò tíì gbẹ, ló fọwọ́ tì. Àtẹ́lẹwọ́ ẹ̀ rì sínú ẹ̀, ìka márààrún, ó gbòòrò bí àwo. Búlọ́ọ̀kù náà ti bàjẹ́.

Ọ̀kan nínú àwọn tó ń ṣiṣẹ́ gbé ṣọ́bìrì kó fọ́ ọ padà sínú yanrìn. Mo ní kó fi í sílẹ̀, kó gbẹ.