Ẹ̀wà Mẹ́jọ Nínú Ìbọ̀sẹ̀ Bàbá Rẹ

Bisera ọmọ mi,

Bí lẹ́tà yìí bá bá ọ ní ìjókòó, kó bá ọ ní àlàáfíà. Bó bá bá ọ lórí ìrìn, kí ẹsẹ̀ rẹ má kọ. Ṣé ara le? Ṣé ìlú Skopje ò tíì mú ọ rù ju bí mo ṣe rí ọ nígbà Àjíǹde lọ? Àwa náà wà, a dúpẹ́. Ewúrẹ́ bí méjì, òjò ba ata jẹ́ díẹ̀, ọmọ Done aládùúgbò wa ti wá mú un lọ sí Jámánì, wọ́n ti ilé pa. Ó ku ilé méje lábúlé wa tí èéfín ń jáde níbẹ̀.

Ìwé ìdánwò ìwọlé yunifásítì tí o gbàgbé sórí àga ni mo fẹ́ sọ. Bàbá rẹ ló ṣí i. O mọ̀ pé tí o bá pè lórí fóònù, ṣé o ti jẹun nìkan ni wọ́n mọ̀ ọ́n bi ọ́, wọn á sì sáré gbé fóònù fún mi bí ẹni pé ó gbóná. Wọ́n ní bí àwọn bá mọ ohun tí ò ń kọ́, bóyá àwọn á rí ọ̀rọ̀ bá ọ sọ.

Ìbéèrè àkọ́kọ́ ní bọ́ọ̀lù pupa mẹ́ta àti funfun márùn-ún wà nínú àpò, ẹnì kan mú ọ̀kan láìwò, báwo ló ṣe ṣeé ṣe tó pé pupa ni yóò mú? Mo ní kí ló dé tí kò fi wo inú àpò, ta ló dì í lójú? Bàbá rẹ ní kí n dákẹ́. Wọ́n bọ́ ìbọ̀sẹ̀ wọn, wọ́n da ẹ̀wà pupa mẹ́ta àti funfun márùn-ún sí i, wọ́n ní kí n máa mú, kí n máa dá a padà, kí n máa gbọ̀n ọ́n. Ìgbà ọgọ́rin ni mo ki ọwọ́ bọ ibẹ̀, Bisera, títí ọwọ́ mi fi ń rùn bí agbo àgùntàn. Pupa jáde nígbà mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Nígbà tí Tíṣà Apostol, tó kọ́ ọ ní ìṣirò kí wọ́n tó ti ilé ìwé wa pa, yà kí wa, ẹnu yà wọ́n. Wọ́n ní ìdá mẹ́ta nínú mẹ́jọ ni ìdáhùn, pé nínú ọgọ́rin, ọgbọ̀n ló yẹ kó jáde, ìbọ̀sẹ̀ náà gbìyànjú. Inú bàbá rẹ dùn bí ẹni tó yege.

Ìbéèrè kejì ní kí a mú ọ̀kan, kí a má dá a padà, kí a tó mú òmíràn. Tíṣà ní èyí tó bá jáde tí kò padà ti yí ìṣirò àwọn tó kù padà. Mo ní Tíṣà, ẹ ò ṣẹ̀ṣẹ̀ ní kọ́ mi nìyẹn. Mo dìde lọ wo ìkòkò lórí iná, ìkòkò ò sì ṣe nǹkan kan.

Ẹ̀kẹta ní wọ́n ju owó ẹyọ sókè, orí ló hàn nígbà mẹ́rin, kí ni yóò hàn nígbà karùn-ún? Bàbá rẹ ní ẹ̀yìn ni, ó ti kàn án. Tíṣà ní rárá, ìdajì-ìdajì náà ni, owó ẹyọ kì í rántí àná. Ojú bàbá rẹ sì fà ro. Ìgbà tí Tíṣà lọ tán ni wọ́n tó sọ fún mi pé nítorí o ti fìdí rẹmi lẹ́ẹ̀mejì, àwọn ti fọkàn balẹ̀ pé ẹ̀kẹta ti kàn ọ́ láti yege. Mo ní ṣé owó ẹyọ lọmọ mi ni? Owó ẹyọ kì í jókòó kàwé.

Tíṣà tún ní àmì róbótó mẹ́rin ló wà níwájú ìbéèrè kọ̀ọ̀kan, pé o ó fi pẹ́ńsùlù kun ọ̀kan, ẹ̀rọ á sì kà á. Kí ló dé tí wàá fi kun ẹyọ kan? Kun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ẹni tó gbin àgbàdo mẹ́rin sí ihò kan, ọ̀kan á hù.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo gbọ́dọ̀ jẹ́wọ́. Lọ́jọ́ àjọ̀dún Èlíjà Mímọ́, mo tan àbẹ́là ní ṣọ́ọ̀ṣì, mo bẹ Ọlọ́run pé kí ìdánwò náà já ọ kulẹ̀, kí o lè padà wálé. Mo rò pé inú ni mo ti ń sọ ọ́, àṣé ẹnu mi ń sọ ọ́ síta. Bàbá rẹ gbọ́. Wọn ò bá mi wí. Wọ́n fi ìka méjì pa àbẹ́là náà, wọ́n tún tàn án, wọ́n ní kí n bẹ̀rẹ̀ àdúrà náà láti ìbẹ̀rẹ̀. Ọmọ mi, kò wá sí mi lẹ́nu. Orúkọ rẹ nìkan ni mo ń pè léra léra. Dárí jì mí.

Owó tí mo fẹ́ kí o fi ránṣẹ́ kò pọ̀, owó ọkọ̀ èmi àti bàbá rẹ lọ́jọ́ ìdánwò ni, àlọ àti àbọ̀. Má fi sí báńkì o. Ẹ̀rọ ìgbowó inú ògiri tó wà ní ìlú Prilep ní kí n tẹ nọ́ńbà àṣírí mi, mo ní èmi kì í bá ògiri sọ àṣírí. Fi lé awakọ̀ tó ń bọ̀ lábúlé wa lọ́wọ́. A ò ní wọlé, a ò ní dà ọ́ láàmú. Ìta ẹnu ọ̀nà la máa jókòó sí, pẹ̀lú búrẹ́dì àti wàràkàṣì. Bó bá dára, a ó rí ọ. Bí kò bá dára, a ó rí ọ. Nínú gbogbo ìṣirò yìí, ìyẹn nìkan ló dá mi lójú.

Kí Ọlọ́run là ọ́ lójú, kó fún ọ ní ọwọ́ tí kì í gbọ̀n. Kí ọ̀nà tó gbé ọ lọ má ṣe tì mọ́ ọ lẹ́yìn.

Èmi ni ìyá rẹ,
Stojna