Ohùn Mi Tí O Fà Gùn

Mísbáù ọmọ mi,

Báwo ni gbogbo ilé ní Òkè-Afà? Ṣé ara le, ṣé iṣẹ́ ń lọ? Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí o fẹsẹ̀ kọ ní ìlú tí gbogbo èèyàn ti ń sáré. Àlàáfíà la wà ní Ìlọrà, àgbàdo ti ń yọmọ, ewúrẹ́ wa sì ti bí méjì.

Mo rí orin tí o fi ránṣẹ́ sórí fóònù, èyí tí o gbà sílẹ̀ lẹ́nu mi nígbà tí mò ń bó ẹ̀gẹ́ ní Iléyá. Ó ń falẹ̀, ó sì ń dún bí ẹni pé inú kànga ni mo wà. Mo ní iná ló tán nínú fóònù, mo gbé e lọ bá Ọláyanjú tó máa ń bá wa gba iná sí i. Ó gba iná láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, orin kò yára. Láyé tiwa, bí kásẹ́ẹ̀tì bá ń fà, bírò la fi ń yí i, ṣùgbọ́n n kò rí ihò kankan tí bírò lè wọ̀ lára fóònù yìí, àfi ibi tí wọ́n ń ki wáyà bọ̀. Ọláyanjú gba bírò náà lọ́wọ́ mi. Ó ní kò bàjẹ́, pé ńṣe lẹ mọ̀ọ́mọ̀ ń fa orin gùn ní Èkó báyìí, tí ẹ ń fi gbohùngbohùn bíi ti inú kànga sí i, pé ó máa ń wọ ẹ̀yin ọ̀dọ́ lọ́kàn.

N kò gbà á gbọ́ títí mo fi tẹ orin náà ní ẹ̀yìnkùlé. Kò pẹ́ ni Ìsíátù ẹ̀gbọ́n mi jáde láti yàrá wọn láìwé gèlè. O ṣáà mọ̀ pé ọdún mẹ́rin la kò ti kí ara wa nítorí ìkòkò irin tí Ìyá wa fi sílẹ̀. Wọ́n bi mí pé ta ló gba ohùn Ìyá sílẹ̀ kí wọ́n tó kú. Mo fẹ́ sọ pé ohùn èmi ni, ṣùgbọ́n ńṣe ni mo tún orin náà tẹ̀. Wọ́n jókòó tì mí, a gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀meje, omijé ń bọ́ lójú àwa méjèèjì. Orin tó ń sáré kì í ráyè bi èèyàn pé báwo lara, ṣùgbọ́n èyí dúró dè wá. Lọ́jọ́ kejì wọ́n gbé ìkòkò náà wá, wọ́n ní ká jọ máa lò ó.

Síbẹ̀ ọkàn mi kò balẹ̀. Lọ́jọ́ Jímọ̀ mo jẹ́wọ́ pé ohùn èmi ni. Wọ́n ní àwọn ti mọ̀ láti ìgbà kejì tí a gbọ́ ọ, pé Ìyá wa kò mọ orin kọ, ṣùgbọ́n orin náà gùn tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn fi ráyè mọ̀ pé èmi gan-an làwọn ń ṣàárò.

Jọ̀ọ́, fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ ká fi ra dátà, àti ẹ̀rọ kékeré tí ń gbé ohùn sókè. Má fa ìyẹn gùn o. Ẹ̀gbọ́n mi náà ti kọ orin tiwọn sínú fóònù, Ọláyanjú yóò fi ránṣẹ́ sí ọ. Ohùn wọn kò dára rárá, kí o fa tiwọn ju tèmi lọ.

Ibi tí o bá ń lọ, oore yóò ti débẹ̀ dè ọ́.

Èmi ìyá rẹ,
Sàfúrátù