Ojú Ọ̀run Mọ́, Àyà Ọmọ Dí

Àbúrò mi,

Mo kí ọ, mo kí ìyàwó rẹ. Mo gbà á ládùúrà pé kí ara yín le, kí ẹ sì máa mí dáadáa, nítorí èémí ló gbé mi dé ìdí lẹ́tà yìí. Inú ń bí mi o, má fi ẹ̀rín kà á.

Ehoro, ọmọ mi tí ìwọ fúnra rẹ sọ lórúkọ ìnagijẹ yẹn, ti kúrò ní ọsibítù. Bó bá ń gun àtẹ̀gùn ilé wa báyìí, yóò dúró láàárín, yóò di ògiri mú. Ọmọ tó ń sáré borí gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀!

O mọ̀ pé ó ní ikọ́ fée. Àárọ̀ kùtù lẹ ti ń sáré tẹ́lẹ̀. Ìwọ olùkọ́ eré sísá wọn lo ní èéfín ọkọ̀ pọ̀ jù láàárọ̀, pé ọ̀sán lojú ọ̀run ń mọ́, o wá gbé eré sínú ooru tó ń yọ́ ọ̀dà títì. Mo ní rédíò ti kìlọ̀ pé afẹ́fẹ́ ọ̀sán kò dára fún ọmọdé. O rẹ́rìn-ín: "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jókòó ti maṣíìnì ìránṣọ yín jàre. Afẹ́fẹ́ wo lẹ rí tó dọ̀tí?"

Nọ́ọ̀sì tó tọ́jú rẹ̀ ti là mí lóye. Èéfín tí o sá fún yẹn kò kúrò nílùú. Bí oòrùn bá mú, tí atẹ́gùn kò fẹ́, oòrùn á sè é di gáàsì tí wọ́n ń pè ní ósóònù. Kò ṣe é fojú rí, ọ̀sán ló sì ń le jù. Ó ń ta ẹ̀dọ̀fóró bí ata ṣe ń ta ojú, ẹni tó ń sáré ló sì ń fà á símú jù. O sá fún èéfín, o kó àwọn ọmọ lọ bá ọmọ èéfín.

Nígbà tí Ehoro wúkọ́ tó dúró lórí pápá lọ́jọ́ náà, o ní, "Má ṣọ̀lẹ, ìyípo kan ló kù." Ó sá a, torí pé ìwọ lo sọ ọ́. Ibẹ̀ ló ṣubú sí. Ẹni tó sọ òkò sọ́jà, ará ilé rẹ̀ ló bà.

Gbé eré padà sí ìdájí. Gbogbo àwọn ọmọ yẹn ló ní ìyá. Bí o bá kọ̀, n ó dúró lẹ́nu ọ̀nà pápá, n ó máa dá wọn padà sílé lọ́kọ̀ọ̀kan.

Kí Ọlọ́run fún ọ ní etí ìgbọ́ràn kó tó fún ọ ní ife-ẹ̀yẹ. Kó má fi ọmọ tìrẹ kọ́ ọ lọ́gbọ́n.

Èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ, tí ìbínú rẹ̀ kò tíì rọ̀.

Mo tún rántí: Ehoro ní kí n má bá ọ jà, pé ẹ̀bi òun ni. Mo ti sọ ọ́ títí pé kì í ṣe ẹ̀bi rẹ̀, kò gbà mí gbọ́. Ìwọ ló máa ń gbà gbọ́. Wá sọ fún un.