Ọkọ̀ Bàbá Kò Tíì Di Ẹfun

Ẹ kú ilé o, Ìyá mi. Mo kúnlẹ̀ kí yín láti Ṣakí dé Kùmásì. Mo kí Bọ̀ọ̀dá Láwàní nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ wọn, mo sì kí gbogbo ẹni tí yóò jókòó gbọ́ lẹ́tà yìí. Ẹ ní kí n máa fi Gẹ̀ẹ́sì kọ̀wé, torí òun ni mo kọ́ nílé ìwé lọ́hùn-ún. Ẹ jọ̀ọ́, n kò ní fi kọ ọ́. Bí mo bá ṣi àmì fi sórí ọ̀rọ̀, ẹ fi mí rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ mi.

Ẹ tún ní kí n ta Pijó tí Bàbá fi sílẹ̀, kí n máa bọ̀, pé ọkọ̀ òkú yẹn ni kò jẹ́ kí n kúrò níbí. N kò tà á o.

Oòrùn ibí kò mojú ẹnikẹ́ni. Láti ìgbà tí Bàbá ti kú ni ọkọ̀ ti wà nínú rẹ̀ láìní ìbòrí, títí àwọ̀ aró tí ẹ mọ̀ fi ṣá bí eérú. Ọkùnrin kan tó ń ra ògbólógbòó ọkọ̀ wá láti Ìsẹ́yìn. Ó fi ọwọ́ nu ilẹ̀kùn, ó na àtẹ́lẹwọ́ sókè kí gbogbo agbo ilé rí i, funfun báláú. Ó ní ọkọ̀ ti di ẹfun. Iye tó dá lé e kò ju owó ewúrẹ́ lọ. Bàbá Kékeré, àbúrò Bàbá, fẹ́ gbà. Mo ní kò ṣeé ṣe. Wọ́n bi mí pé ta ló pè mí sí i. Mo ní ọmọ ọlọ́kọ̀ ni mí. Àdéhùn wá di pé kí ọkùnrin náà padà wá lẹ́yìn Iléyà. Bí ọwọ́ rẹ̀ bá tún funfun, kó máa gbé ọkọ̀ lọ.

Owó oṣù olùkọ́ bíi tèmi kò lè ra ọ̀dà tuntun kun ọkọ̀. Bàbá Kékeré bá ní kí n fi òrí pa á: ohun tó ń mú ara ọmọ tuntun dán, kí ni kò ní jẹ́ kó mú ara irin dán? Mo pa á. Ó dán o! Ilẹ̀ mọ́, ọyẹ́ gbé eruku dé, gbogbo rẹ̀ lẹ̀ mọ́ òrí, ọkọ̀ wá rí bí àkàrà tó já bọ́ sínú iyanrìn. Mọ́ńsúrá, ọmọ Bàbá Kékeré, ní kí n yáa bù ú jẹ kó tó tutù. Láti ìgbà náà ló ti ń pè mí ní Ìyá Ọlọ́kọ̀.

Mo wọ yàrá lọ sunkún, n kò purọ́. Kò sí ẹni tí mo lè fi orí lé lẹ́sẹ̀ níbí. Ibẹ̀ ni mo ti rántí Bàbá láàárọ̀ ọjọ́ Sọ́ńdè ní Kùmásì: wọn kì í fi òróró kankan kan ọkọ̀. Wọ́n á kọ́kọ́ bó àwọ̀ òkè tó ti kú kúrò.

Mo fi omi ọṣẹ fọ òrí dànù. Mo ra agolo kan ìpara tí àwọn akunkọ̀ ń pè ní kọ́mpáǹdì, tó dà bí àmọ̀ tó ní iyanrìn kíkúnná nínú. Mo fi àkísà rírọ̀ bù ú, mo ń fi nu ara ọkọ̀ ní òbírípo lábẹ́ ìbòòji, díẹ̀díẹ̀. Àkísà kọ́kọ́ gbé funfun. Nígbà tó yá, ó gbé aró. Ìyá mi, mo pariwo! Àwọ̀ kò kú; èyí tí oòrùn jẹ ló bò ó mọ́lẹ̀. Mo ra ìda oyin lọ́wọ́ àgbẹ̀ kan láti Ògbóòrò, mo gé e wẹ́wẹ́ sínú kẹrosíìnì, jìnnà sí iná, títí ó fi rọ̀. Mo fi pa á fẹ́ẹ́rẹ́, mo nù ún títí mo fi rí ojú mi nínú rẹ̀. Àwọn kan ní ọmọbìnrin tó yẹ kó wá ọkọ ló ń nu irin. Mo ní ẹni tó bá fẹ́ mi yóò bá mi nídìí irin.

Ọkùnrin náà dé. Ó nu ilẹ̀kùn, ó wo ọwọ́. Ó nu ẹ̀yìn ọkọ̀, ó tún wo ọwọ́. Bàbá Kékeré fúnra wọn ní kó nà án sókè bíi tìjọ́sí kí agbo ilé rí i. Kò nà án. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fowó lé owó. Wọ́n ní kó máa lọ, pé ọkọ̀ Ìyá Ọlọ́kọ̀ kì í ṣe títà.

Ojú kan ṣì wà lórí bọ́nẹ́ẹ̀tì tí oòrùn jẹ dé irin. Ìyẹn kò ní gbọ́ ìda. Mo fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Nítorí náà, Ìyá mi, ẹ má kọ ọ̀rọ̀ títà sí mi mọ́. Ẹ wá. Ẹ fi ọwọ́ ara yín nu ilẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́ tí ẹ máa ń jókòó sí. Bí ọwọ́ yín bá funfun, n ó bá yín padà sí Kùmásì lọ́jọ́ náà.

Ọlọ́hun yóò dá yín sí fún wa, kò ní jẹ́ kí ẹ̀yìn Bàbá bàjẹ́. Ẹ bá mi kí tọmọdé tàgbà ilé.

Èmi ni ọmọ yín, tí aró kò tíì kúrò ní èékánná rẹ̀,
Àbẹ̀kẹ́