Irin Tí A Kò Sàmì Sí

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹta, oṣù kẹfà

Ọ̀pá yọ eyín Ọ̀gá lónìí. Ẹ̀ṣẹ́ kan ṣoṣo.

Ọ̀pá ni ẹ̀gbọ́n mi. Ọ̀gá ni bàbá wa – bí a ṣe ń pè é nìyẹn, nílé àti ní ṣọ́ọ̀bù wẹ́dà tí a ti ń bá a ṣiṣẹ́ láti kékeré. Èmi ni mo fà á. Irin tó ti dẹ́kun pípọ́n kò yàtọ̀ sí irin tútù lójú, nítorí náà ẹni tó bá gbé e sílẹ̀ gbọ́dọ̀ fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà sí i lára. Mo ń kàwé. Mo gbàgbé. Ọ̀gá gbá a mú.

Kò ké. Ó wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, ó wo ìwé mi, ó mú páìpù. Ó gbá mi lẹ́yìn. Ìgbà tó tún gbé e sókè ni Ọ̀pá gbá a lẹ́nu.

Ọ̀gá tu eyín sọ́wọ́, ó wò ó bí ẹni ń wo ìṣó tó tẹ̀. Ó ní kí Ọ̀pá máa lọ, pé bí òun bá tún fojú kàn án, òun á pa á. Ọ̀pá lọ tòun taṣọ iṣẹ́.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹrin

Mi ò lè fẹ̀yìn lélẹ̀. Màmá ń fi aṣọ àti omi gbígbóná tẹ̀ ẹ́. Ó ní, má dá a lóhùn, ṣé o gbọ́? Bí o bá ti ṣèdánwò yunifásítì tán ní Àbámẹ́ta ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, o ti lọ nìyẹn.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹfà

Èmi ni mo wà nípò Ọ̀pá báyìí. Ọ̀gá ń jó irin, èmi ń dì í mú.

Mẹkáníìkì ẹ̀gbẹ́ wa béèrè ohun tó ṣe Ọ̀gá lẹ́nu. Ọ̀gá ní eegun ni. Mẹkáníìkì ní, "Eegun ẹran wo nìyẹn, Ọ̀gá? Ti erin?" Mo rẹ́rìn-ín. Kò yẹ kí n rẹ́rìn-ín. Ọ̀gá dúró títí ọkùnrin náà fi lọ, ó wá gbá mi létí. Etí òsì ṣì ń dún.

Ó ní kí n gbàgbé ìdánwò. Mo ní mo fẹ́ lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe afárá. Ó ní, "Ta ló máa gun afárá tí ìwọ bá ṣe?"

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹsàn-án

Màmá ti rí Ọ̀pá. Ó ń bá wọn rẹrù ní gáréèjì. Ó ti fọ́ ìgò mọ́ awakọ̀ kan lórí, ó sì ń sọ ọ́ tẹ̀rín-tẹ̀rín. Màmá ní bí Ọ̀gá ṣe máa ń sọ ìjà tirẹ̀ gẹ́lẹ́ nìyẹn, nígbà tí òun ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ ẹ. Lẹ́yìn náà ó padà sídìí máṣíìnì ìránṣọ rẹ̀.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹwàá

Ọ̀gá ní kí n gbé irin kan wá. Kò sí ṣọ́ọ̀kì lára rẹ̀. Mo mọ̀ pé ó gbóná. Ó mọ̀ pé mo mọ̀.

Ó mú ọwọ́ ọ̀tún mi, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn. Kí n lè mọ bó ṣe rí.

Mo ń fọwọ́ òsì kọ èyí.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kejìlá

Òsì. Òsì. Òsì. Orúkọ mi ti ń ṣeé kà.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹtàlá

Lónìí mo wo òòlù, mo wo ẹ̀yìn etí Ọ̀gá níbi tó ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Mo ronú ibi tí màá gbá, bí ẹni ń ṣe ìṣirò. Ẹ̀rù ò bà mí. Ìyẹn ló wá bà mí lẹ́rù.

Mo ti rò pé bí mo bá dàgbà, màá kúrò nílé yìí. Mi ò rò ó rí pé ilé yìí náà ń dàgbà nínú mi.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹrìnlá

Ọ̀pá ránṣẹ́ sí Màmá: òun á wá mú mi ní ìrọ̀lẹ́, kí n sùn lọ́dọ̀ òun, kí n ti ibẹ̀ lọ ṣèdánwò. Ọ̀gá gbọ́. Ó mú òòlù, ó forí lé gáréèjì. Màmá dínà fún un. Ọ̀gá tì í lu máṣíìnì, iwájú orí Màmá bẹ́.

Ìrọ̀lẹ́ – Mẹkáníìkì ló mú ìròyìn dé. Ọkùnrin méjì jà ní gáréèjì, aṣọ iṣẹ́ kan náà, gíga kan náà. Ọ̀kan ṣubú, èkejì sá. Wọ́n ti gbé ẹni tó ṣubú lọ sílé ìwòsàn kí òun tó débẹ̀. Àwọn tó gbé e ní ojú rẹ̀ ti wú dí. Mo bi í, eyín ńkọ́? Ó ní wọ́n ní eyín ti ká.

Màmá so gèlè mọ́ ojú ọgbẹ́, ó lọ. Ó ní mi ò gbọdọ̀ tẹ̀ lé òun.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún

Mo wà lẹ́nu ọ̀nà gbọ̀ngàn ìdánwò. Wọn ò tíì ṣílẹ̀kùn.

Màmá pè. Wọn ò tíì jẹ́ kó wọlé. Wọ́n ní báńdéèjì ni orí àti ọwọ́ ọkùnrin náà méjèèjì, nítorí ó fọwọ́ gba òòlù. Ó jí láàárọ̀ yìí, ohun kan ṣoṣo ló sì ń sọ: "Ọmọ náà dà?"

Àti Ọ̀gá àti Ọ̀pá ló ń pè mí bẹ́ẹ̀.

Màmá fetí sí i lẹ́nu ilẹ̀kùn. Ètè ọkùnrin náà ti là, Màmá ò dá ohùn náà mọ̀. Nọ́ọ̀sì ti wọlé lọ béèrè orúkọ rẹ̀.

Wọ́n ti ń pè wá wọlé. Fóònù ṣì wà létí mi. Mo ń gbọ́ bàtà nọ́ọ̀sì tó ń padà bọ̀.